Píìnì tẹ́ ẹ ń fi sáṣọ aboyún ò lè dí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ

Obìnrin kan bímọ ládùúgbò wa, kókó kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ náà, wọ́n ní ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ ni ò pa dé, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá ọmọ ò tíì lè jẹun dáadáa, màmá àgbà kan wá jókòó tì í ó ń sọ pé, "Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Gbogbo ìgbà lo máa ń rìn lọ́sàn-án gangan, o ò sì fi píìnì sáṣọ." Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún un." Wọ́n ní ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ràn.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí, pé tí aboyún bá rìn lọ́sàn-án gangan láìfi píìnì sáṣọ, àǹjọ̀nú á wọ inú ẹ̀ á pààrọ̀ ọmọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú àwọn ìyá wa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Bódìjà láago méjìlá ọ̀sán kẹ́ ẹ wo àwọn aboyún tó ń tajà nínú oòrùn, ọmọ wọn dà tó jẹ́ àǹjọ̀nú? Èmi náà, inú oòrùn ni mo ti ta ata àti tòmátò pẹ̀lú oyún àwọn ọmọ mi, mi ò fi píìnì kankan sáṣọ, àlàáfíà ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ sọ̀rọ̀ àsìkò. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, pẹlẹbẹ ló máa ń rí níbẹ̀rẹ̀, á wá ká sókè, etí ẹ̀ méjèèjì á pàdé, á lẹ̀ pọ̀. Láàrin bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, iṣẹ́ yẹn ti parí. Nígbà yẹn nǹkan oṣù ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ ni o, ọ̀pọ̀ wa ṣì máa ń rò pé ibà ló ń ṣe wá. Ìgbà wo wá là ń fi píìnì sáṣọ? Ìgbà tí ikùn bá ti yọ, oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún. Ẹ̀yìn tó máa pa dé ti pa dé tipẹ́, èyí tí ò pa dé náà ti wà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ti rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni folic acid, irú fítámínì B kan. Lọ́dún 1991, Medical Research Council, àjọ ìwádìí ìṣègùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé èsì ìwádìí kan jáde, ibùdó 33 ní orílẹ̀-èdè 7 ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn obìnrin tó ti lóyún ọmọ tó ní irú àléébù yìí rí tí wọ́n sì tún fẹ́ lóyún ni wọ́n kó jọ, wọ́n pín wọn, wọ́n ń fún apá kan ní folic acid lójoojúmọ́ kí oyún tó dé, wọn ò fún apá kejì, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń lò. Oyún 27 ló ní àléébù náà. 6 péré ló wá látọ̀dọ̀ àwọn tó lo folic acid, 21 tó kù, ọ̀dọ̀ àwọn tí ò lò ó ni. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí ìwádìí náà dé ibi tí wọ́n fẹ́ parí ẹ̀ sí, torí ó ti hàn kedere. Láti 1998 ni Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí wọ́n máa pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, CDC, àjọ wọn tó ń rí sí ìdènà àrùn, sì ní bí ọmọ 1,300 ló ń bọ́ lọ́wọ́ àléébù yìí lọ́dọọdún nítorí ẹ̀. Ta ló ti ka ọmọ tí píìnì gbà?

Nígbà tí mo lọ rà á ní kẹ́mísì, ọmọkùnrin tó ń tà á na sáṣẹ́ẹ̀tì sí mi, kóró kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè, ó ní, "Ẹ kú oríire o, oṣù mélòó ni?" Mo ní mi ò tíì lóyún. Ó ń wò mí! Ẹni tó ń ta á gan-an ò mọ̀ pé kí oyún tó dé ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀. 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ ni, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú oyún títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń lo oògùn wárápá, kó rí dókítà kó tó lóyún, torí tiẹ̀ lè ju ìyẹn lọ. Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ̀fọ́ ní in. Ó ní in, ẹ̀wà náà ní in, ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń se ẹ̀fọ́? A á bọ̀ ọ́, a á fún un gbẹ, a á da omi ẹ̀ nù, omi yẹn gan-an ló ń gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ.

Lóòótọ́, folic acid ò lè dènà gbogbo àléébù, kí ibà líle sì mú ara gbóná janjan nígbà tí oyún ṣì kéré ò dáa, ẹ tètè lọ tọ́jú ẹ̀. Ìyẹn ò sọ oòrùn ọ̀sán di àǹjọ̀nú.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé àwọn tó ń pariwo píìnì yìí náà ló ń gbé agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ fún aboyún. Ọtí yẹn ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú, ó lè ba ọpọlọ ẹ̀ jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n kankan tí dókítà lè sọ pé kò léwu. Ẹ da agbo ọlọ́tí yẹn nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní àbúrò tó ń múra ìgbéyàwó, ẹ ra folic acid fún un lọ́sẹ̀ yìí, kò wọ́n.