Sài Gòn FC kọ́ ni Cảng Sài Gòn o

Ẹ jọ̀ọ́, èyí tẹ́ ẹ̀ ń ṣíà kiri pé Sài Gòn FC, kíláàbù bọ́ọ̀lù tó kógbá sílé ní Vietnam, ti gba líìgì ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, irọ́ ni. Cảng Sài Gòn, kíláàbù èbúté, ló gbà á, ti 2002 ló sì gbà kẹ́yìn. Sài Gòn FC ní tiẹ̀, Hanoi ló ti kó wá sí Ho Chi Minh City ní 2016, sáà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an kí wọ́n tó di ẹrù, ni wọ́n bá pa orúkọ dà. Ipò kẹta ní 2020 ni wọ́n ga dé, ní 2022 wọ́n gbé ìsàlẹ̀ tábìlì, wọ́n já bọ́, kí sáà 2023 sì tó bẹ̀rẹ̀ wọn ò sí mọ́.