Síkéèlì ò mọ ènì

(Posófíìsì kan ní Kàbà, ọjọ́ ọjà. Ìyá Dáre onígààrì gbé páálí lé kántà. Bàbá Tísà wà lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́tà ọwọ́ ẹ̀ ti wú bí oyún.)

ÌYÁ DÁRE: Ọ̀kun o, ọmọ mi. Kánádà ló ń lọ, aṣọ òkè tí Dáre máa fi ṣe ìkómọ ni, kò wúwo rárá.

AKỌ̀WÉ: Ọ̀kun o mà. Kílò 4.

ÌYÁ DÁRE: Yéè! Aṣọ lásán?

AKỌ̀WÉ: Mà, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ yín kúrò lórí síkéèlì.

ÌYÁ DÁRE: Ehn?

AKỌ̀WÉ: Ẹ ṣé. Kílò 2 àti gíráàmù 40. Pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń lọ òkè òkun kì í ju kílò 2 lọ, tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ ó ti di pásẹ́ẹ̀lì nìyẹn, owó ẹ̀ yàtọ̀.

ÌYÁ DÁRE: Nítorí 40 péré? Fi ṣe ènì fún mi jàre.

AKỌ̀WÉ: Síkéèlì ò mọ ènì mà.

ÌYÁ DÁRE: Ẹ ti yí i ni! Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń fi òòlù lu ìdí múdù wọnú.

BÀBÁ TÍSÀ: Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?

ÌYÁ DÁRE: Ehn… wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà ni.

(Akọ̀wé gbé páálí kúrò, síkéèlì padà sí 0. Ó ka ìwé A4 mẹ́wàá lé e: 50.)

BÀBÁ TÍSÀ: Ó pé! 80 gíráàmù ni mítà onígun mẹ́rin kan ìwé yìí, A4 mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ẹ̀, 5 gíráàmù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan!

AKỌ̀WÉ: Ẹ ṣé sà. Ojú ìwé mélòó ni lẹ́tà yín?

BÀBÁ TÍSÀ: Méje.

AKỌ̀WÉ: 35 nìyẹn, ẹ ò tíì ka énfílọ́ọ̀pù. Ìpele àkọ́kọ́ nínú owó lẹ́tà ò ju gíráàmù 20 lọ.

ÌYÁ DÁRE: Ẹ̀yin náà ẹ yọ díẹ̀. Kí ló wà lójú kẹrin?

BÀBÁ TÍSÀ: Àdúrà.

ÌYÁ DÁRE: Ìkarùn-ún ńkọ́?

BÀBÁ TÍSÀ: Àdúrà ṣì ni títí dé ìkeje.

AKỌ̀WÉ: Ẹ bá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé sà, tádàwá ò wúwo. Mà, ẹ tú páálí yìí, kí ló ń rùn?

ÌYÁ DÁRE: Aṣọ ni.

AKỌ̀WÉ: Aṣọ ń rùn bí irú?

ÌYÁ DÁRE: Irú tó wà nínú aṣọ ni.

(Wọ́n yọ irú. Wọ́n tún un wọ̀n: kílò 1 àti gíráàmù 780.)

AKỌ̀WÉ: Ó ti wọlé. Owó ìpele kílò 2 lẹ máa san.

ÌYÁ DÁRE: Dúró ná. 220 ti mo máa sanwó ẹ̀ yẹn, ta ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún? Bàbá Tísà, kó àdúrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, Dáre á bá yín fún ọmọ yín, ìlú kan náà ni wọ́n wà.

BÀBÁ TÍSÀ: Ọlọ́run á san ẹ́ lóore.

ÌYÁ DÁRE: 20 nìyẹn, ó ku 200. (Ó kọjú sí ìlà.) Ta ló tún ní ẹrù Kánádà níbí? Èèyàn mi, náírà 500 péré!

AKỌ̀WÉ: Mà!

ÌYÁ DÁRE: Kí ló dé? Ìwọ náà ní tìẹ ni?