Àìrí Ẹ̀rí Láti Kọ H0 Kò Sọ H0 Di Òótọ́

Ẹ ṣí orí kẹrin ọ̀pọ̀ project tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ ní yunifásítì, ẹ ó bá irú gbólóhùn yìí pàdé: p-value ju 0.05 lọ, nítorí náà a gba null hypothesis. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà ìkọ́ni méjèèjì. Null hypothesis, tí a ń pè ní H0, ni àbá pé kò sí ìyàtọ̀. P-value ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó ká rí irú àbájáde tí a rí, tàbí èyí tó jù ú lọ, bí H0 bá jẹ́ òótọ́; bó bá kéré sí 0.05, ààlà tí a sábà ń lò, a máa kọ H0, ìyẹn ni pé a máa jù ú nù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ statistics ló gbà pé bí a kò bá ti rí H0 kọ̀, H0 ti borí nìyẹn. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí, torí irú àbájáde bẹ́ẹ̀ la fi ń pinnu bí a ṣe máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ àti oògùn tí aláìsàn máa lò.

Ní àwọn ọdún 1920, ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Rothamsted, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Muriel Bristol, sọ pé bí òun bá ti tọ́ tíì wò, òun á mọ̀ bóyá mílíìkì ló kọ́kọ́ wọ ife àbí tíì. Ronald Fisher, onímọ̀ statistics, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí di ìdánwò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1935. Ife mẹ́jọ: mílíìkì ló ṣáájú nínú mẹ́rin, tíì ló ṣáájú nínú mẹ́rin tó kù. A pò wọ́n pọ̀, obìnrin náà á wá yan mẹ́rin tó gbà pé mílíìkì ló ṣáájú níbẹ̀. H0 ni pé kò mọ ìyàtọ̀, ó kàn ń méfò ni. Ọ̀nà 70 ló wà láti yan ife mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ọ̀kan péré ló sì tọ̀nà délẹ̀. Bó bá mú gbogbo rẹ̀, p-value jẹ́ 1 nínú 70, ìyẹn 0.014, a sì lè kọ H0.

Tó bá mú mẹ́ta, tó ṣi ọ̀kan ńkọ́? Ọ̀nà 16 ló lè gbà ṣe ìyẹn. Ẹ fi ẹyọ kan tó pé pérépéré kún un, ó di 17 nínú 70: 0.243. A kò lè kọ H0. Ṣé a wá máa kéde pé a ti rí i dájú pé obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan, ẹni tó mú mẹ́ta nínú mẹ́rin? Ife mẹ́jọ ló kéré jù láti fi dá ẹni tó mọ̀ ọ́n díẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń méfò. Fisher fúnra rẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀ pé a kì í fi ìdí null hypothesis múlẹ̀ láéláé; kìkì pé a lè rí ẹ̀rí ta kò ó.

Bó bá ṣì ń ṣe yín bíi pé mò ń ṣe àṣejù, ẹ ju owó ẹyọ sókè ní ìgbà 10, ká ní ojú kan yọ ní ìgbà 7. Ẹ fi 0.5 ṣe H0, ìyẹn pé ojú náà ń yọ ní ìdajì ìgbà: p-value jẹ́ 0.34, a kò kọ̀ ọ́. Ẹ wá fi 0.7 ṣe H0: ìyẹn náà, a kò kọ̀ ọ́. Tí “a kò kọ̀ ọ́” bá túmọ̀ sí “òótọ́ ni”, owó kan ṣoṣo náà kò tẹ̀ síbì kan, ó sì tún tẹ̀!

Ọ̀rọ̀ náà ti ń dàrú láti orí kìíní, níbi tí a ti ń kọ H0 sílẹ̀ pé “kò sí ìyàtọ̀ tó significant.” Data tí a kó là ń pè ní significant, bí p-value rẹ̀ bá kéré sí 0.05; H0 ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níta, tí a kò tíì rí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: H0: μ1 = μ2; H1: μ1 ≠ μ2. H1 ni alternative hypothesis, àbá pé ìyàtọ̀ wà; μ1 àti μ2 ni ìpíndọ́gba máàkì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi x̄, ìpíndọ́gba data tí ẹ kó, síbẹ̀, torí x̄ ti wà lójú ìwé yín, kò nílò ìdánwò. Kí H1 sì ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó fojú kan data.

Òótọ́ ni pé Jerzy Neyman àti Egon Pearson, àwọn onímọ̀ statistics tí wọ́n mú alternative hypothesis wọlé, lo ọ̀rọ̀ náà “gbà”. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ni ìgbésẹ̀ tí èèyàn máa gbé. Wọn ò sọ pé ẹ gbà gbọ́ pé òótọ́ ni.

Ohun tó yẹ kó wà ní orí kẹrin ni pé data yìí kò fún wa ní ẹ̀rí tó láti sọ pé ìyàtọ̀ wà. Kí ẹ wá fi confidence interval, ìyẹn àlàfo iye tí ìyàtọ̀ gidi náà lè jẹ́ gẹ́gẹ́ bí data ṣe fi hàn, tẹ̀ lé e. Bó bá lọ láti -2 sí 9 máàkì, ẹni tó ń kà á á rí i pé ọ̀nà ìkọ́ni tuntun náà ṣì lè fi máàkì 9 kún ti ọmọ.