Mínísítà, Ìbéèrè Tí A Bi Yín Kọ́ Lẹ Dáhùn Yẹn

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò. Ẹja yìnyín ni mo ń tà. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja yìnyín, fíríísà kì í ṣe ohun fàájì, òun gan-an ni ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí Adébáyọ̀ Adélabú, tó jẹ́ mínísítà iná mànàmáná nígbà náà, sọ fáwọn oníròyìn lóṣù kẹrin ọdún 2024 fi gún mi lọ́kàn. Ó ní à ń fi iná ṣòfò, pé àwọn èèyàn ń fi fíríísà sílẹ̀ lórí iná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dì gbagidi. Ṣé kí ó má baà yọ́ kọ́ la ṣe ń fi í sílẹ̀ ni? Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, mo sì ti gbà á. Ohun tí n kò tíì gbà ni bí àwọn mínísítà ṣe ń dáhùn ìbéèrè nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe lọ. Lọ́jọ́ kẹta oṣù yẹn, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Báńdì A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn á pọ̀ jù, kúrò ní náírà 68 lọ sí náírà 225 fún yúnìtì kan ṣoṣo. Wọ́n ní ká fara mọ́ ọn, wákàtí 20 la ó máa rí iná lójúmọ́. Kí oṣù náà tó parí, ìgbìmọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ iná nílé aṣòfin àgbà ránṣẹ́ pe mínísítà pé kó wá ṣàlàyé owó tuntun náà. Ó débẹ̀ lọ́jọ́ 29, ó sì ní bí wọn ò bá fowó kún owó iná, gbogbo orílẹ̀-èdè á wà nínú òkùnkùn láàárín oṣù mẹ́ta.

Ìhàlẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èsì. Ohun tí àwa tí à ń ra iná fẹ́ gbọ́ ni pé: ta ló ń ka wákàtí 20 yẹn? Bí kò bá pé, ta ló máa dá owó padà? Bí mo bá gba owó ẹja kílò kan lọ́wọ́ oníbàárà, tí mo wọn ìdajì fún un, ìyálọ́jà á ti ránṣẹ́ pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ta ni ìyálọ́jà àwọn tó ń ta iná?

Ó sì dùn mí jù pé òfin wà nílẹ̀. Nínú àṣẹ tí NERC fúnra rẹ̀ gbé jáde, bí láìnì Báńdì A kan, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá sádùúgbò, kò bá rí wákàtí tó yẹ fún ọjọ́ méjì léraléra, ilé-iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún gbogbo ayé kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kẹta tó lù. Bó bá di ọjọ́ méje, kí wọ́n já láìnì náà wálẹ̀ sí báńdì tó tọ́ sí i, kí owó rẹ̀ náà sì wálẹ̀. Ládùúgbò tèmi, iná lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí alẹ́, iye Báńdì A ni mítà ṣì ń jẹ. Mo lọ fẹjọ́ sùn nílé-iṣẹ́ iná. Ọmọdékùnrin tó jókòó síbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Mọ́mì, Báńdì A lẹ wà o, ẹ lọ kọ̀wé wá." Mo kọ̀wé. Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Èmi ni mo ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, èmi náà ni mo ń ra káàdì.

Ilé aṣojú-ṣòfin pàápàá sọ lóṣù kẹrin yẹn pé kí wọ́n dá owó tuntun náà dúró. Ṣé wọ́n dá a dúró? Ó wálẹ̀ díẹ̀ sí náírà 206.80 lóṣù karùn-ún, ó tún gòkè sí 209.50 lóṣù keje. Gbogbo ariwo yẹn ò kọjá bẹ́ẹ̀!

Ẹ má sì sọ fún mi pé àwọn aṣòfin ò lágbára. Abala 67 nínú òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 ní bí ilé bá pe mínísítà wá ṣàlàyé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, kí ó wá. Abala 89 fún wọn láṣẹ láti fi ìwé àṣẹ mú ẹni tó bá kọ̀ láti wá. Ohun tí a ò ní ni ọjọ́ tí kì í yẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún márùn-ún ni mínísítà okòwò máa ń dìde nílé aṣòfin, tí wọ́n á bi í ní ìbéèrè, tí wọ́n á tún fi òmíràn lé e. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá, wà nípò yẹn láti oṣù kejì ọdún 2023 títí di oṣù keje 2024, ó sì dìde dáhùn. Àwọn náà mọ bí a ṣe ń yẹ ìbéèrè sílẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ lónìí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i, ojú á tún kojú.

Mínísítà okòwò tiwa náà ńkọ́? Abẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà wà. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ yẹn sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí wọ́n dá lára owó rẹ̀ padà bí iṣẹ́ tó sanwó fún kò bá pójú owó. Kí àwọn aṣòfin pe mínísítà okòwò àti mínísítà iná lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n bi wọ́n pé: láìnì Báńdì A mélòó lẹ ti já wálẹ̀ nítorí pé wákàtí rẹ̀ kò pé? Èló lẹ ti dá padà, ta lẹ sì dá a padà fún? Bí wọ́n bá ní ìwé rẹ̀ kò sí lọ́wọ́, kí aṣòfin dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e wá, kó kéde rẹ̀ lójú gbogbo wa. Bí wọ́n bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa bí òkùnkùn ṣe máa ṣú tó, kí ó dá wọn dúró, kó tún ìbéèrè kan náà bi wọ́n, kó má sì jẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi dáhùn.