Ṣé Dandan Ni Kí Òpin Ìlà Ewì Jọra?

Ọmọ àbúrò mi gbé ewì kan wá kí n bá òun wò ó. Ó fi "igbá" parí ìlà kan, ó fi "ìgbà" parí ìkejì, inú rẹ̀ ń dùn pé òpin wọn bára mu. Wọ́n ti sọ fún un pé láìsí èyí, ewì kò pé. Lójú ìwé, wọ́n bára mu lóòótọ́. Mo ní kó kà á síta. Òun náà gbọ́ ọ: ohùn ọ̀kan gòkè, ti èkejì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Òyìnbó tí a ní a ń fara wé gan-an kò sọ ọ́ di dandan. Ewì gbọọrọ tí Milton, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1667 kò tẹ̀ lé irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ní tiwa, fáwẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ máa ń fi parí, fáwẹ̀lì àìránmúpè kò sì ju 7 lọ. Ìjọra tí ẹni tó ń ná ọjà lè ṣèèṣì ṣe, iṣẹ́ akéwì wo ló wà níbẹ̀?

Ibòmíràn ni iṣẹ́ wà. Ẹ gbọ́ òwe yìí:

Àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́;
Baálé kú, ilé dahoro.

Ẹ ka sílébù rẹ̀: 4 àti 4, lẹ́yìn náà 4 àti 5. "Sí" àti "kú" gbé ohùn sókè ní ìdajì ìlà kọ̀ọ̀kan. "Bàjẹ́" tún parí lókè, etí ṣì ń retí nǹkan. "Dahoro" wá tẹ́jú, re-re-re, ọ̀rọ̀ sì jókòó. Ìyàtọ̀ ohùn ló ṣe é, kì í ṣe ìjọra. (Ìlú àti ilé tó dojú kọra wọn náà kò ṣèèṣì.)

Níbi ìsọmọlórúkọ, àgbà á gbé obì sókè: "Obì ní í bi ikú, obì ní í bi àrùn." Ó kan orógbó: "Orógbó ní í gbó ni sáyé." Inú ìlà ni ìró ti ń jọ ìró níbí, orúkọ ohun tó wà lọ́wọ́ ló sì bí ọ̀rọ̀ ìṣe. Nínú ti obì, àwítúnwí ni gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ ìparí, ibẹ̀ gan-an ni etí sì ń lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, kó ní kí onígángan fi ìlù pa òwe àgbà àti baálé yẹn. Awọ kò ní fáwẹ̀lì tí òpin ìlà yóò fi jọra. Ohùn àti ìwọ̀n nìkan ló ń jáde, àwọn tó gbọ́ ìlù á sì máa bá a wí i lẹ́nu.