Owó Ọjọ́ Méjìdínlọ́gbọ̀n

Òwò kan ń lọ ní gbangba lórí Facebook àti WhatsApp, àwọn tó ń ṣe é kò sì fojú pamọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ gba físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Britain, tí owó tó wà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kò tó iye tí wọ́n ní kí wọ́n fi hàn, wọn a lọ bá olówó kan. Olówó náà á da ogún mílíọ̀nù náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú àkáǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lórúkọ ọmọ tàbí òbí. Ọwọ́ olówó ni káàdì ATM máa wà. Kò sẹ́ni tó máa fi kọ́bọ̀ kan ra gààrí níbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, báǹkì á tẹ sìtétímẹ́ǹtì, olówó á kó owó rẹ̀, òbí á san èlé. POF làwọn ọ̀dọ́ ń pè é, ìyẹn "proof of funds", ẹ̀rí pé owó wà. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá: kí ìjọba ti òwò náà pa, kí àwọn báǹkì wa sì gbé àyálówó ẹ̀kọ́ gidi síta dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2025, Britain ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì rẹ̀ kò sí ní London fi £1,136 hàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, títí dé oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń lọ sí London, £1,483 ni tirẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn nílò £10,224 nìyẹn, yàtọ̀ sí owó ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì san tán. Bí a bá ka pọ́n-ùn kan sí ₦2,000, ó ti lé ní ogún mílíọ̀nù náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦70,000 lóṣù, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Nàìjíríà, á ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún, láìjẹ, láìmu, láìwọkọ̀, kó tó rí i kó jọ. Kí ọdún 2025 náà tó parí, wọ́n tún ti fi kún un. A kò tíì dárúkọ owó físà fúnra rẹ̀, tó di £524 lọ́dún náà, àti owó ìlera, £776 lọ́dún kan, tí wọ́n máa ń gbà kí ọmọ tó mọ̀ bóyá físà á jáde. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọ́n á dá owó ìlera padà. Owó físà ti wọgbó.

Owó tí wọ́n ní kó fi hàn yìí gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko, kò sì gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan péré dín. Àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀ ni, tàbí ti ọkọ tàbí aya rẹ̀, tàbí ti òbí, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀. Ibí yìí ni òfin wọn àti ìṣe wa ti ya ara wọn. Àìmọye ọmọ Yorùbá ló jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló san owó WAEC, àbúrò bàbá ló gbà á sílé ní Ìbàdàn nígbà tó ń kàwé, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston ló ra kọ̀ǹpútà fún un. Òbí ni gbogbo wọn nílé wa. Lójú òṣìṣẹ́ físà, wọn kò bá ọmọ náà tan. Sìtétímẹ́ǹtì wọn kò wúlò. Ẹbí tó bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kó owó náà sínú àkáǹtì ọmọ, kò sì sóhun tó burú nínú ìyẹn bí ọmọ bá máa rí owó náà ná. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà ni olówó èlé ń gbà wọlé. Ohun tí a fi ń dá méjèèjì mọ̀ kò ṣòro: owó tí ẹbí fún ọmọ á bá a dé Leeds, ti olówó èlé kì í kọjá Ìkẹjà.

Àwọn kan á ní kí ló wá burú níbẹ̀, ṣebí Britain ló ní kí wọ́n fi owó hàn, wọ́n sì ti fi hàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ajẹ́ǹtì nìyẹn. Owó yàrá, oúnjẹ àti ọkọ̀ oṣù mẹ́sàn-án ni owó yìí. Ọmọ tó fi owó àyálò gba físà á dé ìlú òtútù lọ́wọ́ òfìfo, gbèsè èlé á sì máa dúró dè é nílé. Òfin gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí ogún péré lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Owó wákàtí ogún kò lè san yàrá, kó ra oúnjẹ, kó tún san ìpín kejì owó ilé ẹ̀kọ́. Ló bá di pé ó ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó wá ń sùn ní kíláàsì lójú ọ̀sán. Bí owó kò bá dé, yunifásítì á yọ orúkọ rẹ̀, á sì fi tó Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba Britain tó ń rí sí físà, létí, nítorí òfin ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gé físà náà kúrú, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fún ọmọ láti kó ẹrù rẹ̀. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Teesside, ní Middlesbrough, ní 2024. Wọ́n yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tí kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ san lásìkò, wọ́n sì ní kí wọ́n fi Britain sílẹ̀. A kò sọ pé owó àyálò ni àwọn ọmọ yẹn fi gba físà o. Náírà ló wó lù wọ́n: dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báǹkì kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé ti kọjá ₦1,500 kí ọdún tó yí po. Owó tí òbí tọ́jú fún ọdún kan wá di ti oṣù díẹ̀. Bó bá rí báyìí fún ẹni tó ní owó tirẹ̀, báwo ló ṣe máa rí fún ẹni tí owó rẹ̀ ti padà sọ́wọ́ olówó kó tó wọ bàálù?

Nígbà tí èlé bá wọ́n jù, àwọn kan a tẹ ìwé báǹkì ayédèrú. Àwọn òṣìṣẹ́ físà máa ń bi báǹkì léèrè, ẹni tí wọ́n bá sì ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ lè má rí físà Britain gbà fún ọdún mẹ́wàá. Ọmọ ọdún méjìlélógún á ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Àwọn yunifásítì náà ti ń ṣọ́ra. Bí físà tí wọ́n kọ̀ bá dé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí yunifásítì kan kọ CAS fún, ìyẹn ìwé ìgbàwọlé tí wọ́n fi ń béèrè físà, ìwé àṣẹ tó fi ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè wà nínú ewu nìyẹn, ìjọba Britain sì ti kéde ní 2025 pé òun fẹ́ sọ ọ́ di márùn-ún. Abájọ tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba àsansílẹ̀ ńlá lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, tí wọ́n sì ń pè wọ́n lórí fídíò láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò bí afurasí. Ẹni tó fi òógùn ojú kó owó jọ ń jẹ nínú ìyà ẹlẹ́tàn.

Ajẹ́ǹtì ló wà láàárín gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún òbí pé, "Mà, ẹ fún un lọ́dún kan sí i, owó yín kò tíì tó." Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń sanwó fún ajẹ́ǹtì lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá. Òbí ń san, yunifásítì ń san, àwọn kan sì tún ń gba ìpín tiwọn lọ́wọ́ olówó POF. Ta ló máa fẹ́ sọ fún oníbàárà pé kó dúró? Ní Britain, ẹni tó bá ń fi ìmọ̀ràn físà ṣòwò láìgba àṣẹ ń rú òfin. Níbí, ẹni tó bá ti rí yàrá kan háyà, tó lẹ àwòrán Big Ben mọ́ ògiri, ti di ajẹ́ǹtì nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń rán ọmọ lọ kàwé lókè òkun. Herbert Macaulay kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth láti 1890 dé 1893, ìjọba amúnisìn ló san án. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní London ní 1925. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ yẹn ṣí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbé, nítorí àwọn onílé London kì í fẹ́ fún aláwọ̀ dúdú ní yàrá. Nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó kòkó wà lára ohun tó rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ. Ìjọba ni, tàbí ìjọ, tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó dáwó jọ. Ẹnì kan máa ń dúró gbọin lẹ́yìn ọmọ. Lónìí, ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ètò tó ń rán ọmọ lọ sí Rọ́ṣíà, Morocco, Hungary àti Ṣáínà. Ọdún 2025 ni wọ́n ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tó ti wà níbẹ̀ pariwo títí pé àwọn kò rí owó oúnjẹ gbà. NELFUND, àyálówó ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nílé nìkan ló wà fún. A kò bá wọn jà lórí èyí. Ilé ló yẹ kí owó ìlú kọ́kọ́ tún ṣe. Àmọ́ ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ láìsí ẹnì kankan ni olówó èlé jókòó sí.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà. Òfin Britain gba lẹ́tà àyálówó ẹ̀kọ́ láti ọwọ́ ìjọba, tàbí láti inú ètò àyálówó ẹ̀kọ́ báǹkì tó ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò nílò pé kó tọ́jú owó fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ná owó yìí, á sì fi ọ̀pọ̀ ọdún san án padà. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ nílé ni èlé báǹkì wa, àti ohun ìdúró tí wọ́n ń béèrè, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní ilé tó ní C of O nìkan ló lè sún mọ́ ọn. Kí àwọn ìpínlẹ̀ tó jọ ni Odu'a Investment ṣe onídùúró fún apá kan owó náà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ọmọ tó gba ààyè nínú iṣẹ́ tó ń mówó wọlé, kí ọmọ àti òbí jọ fọwọ́ sí i pẹ̀lú BVN wọn. Ẹni tí kò bá san, báǹkì mọ ibi tó máa wá a dé. Kò ní tó gbogbo ènìyàn, a mọ̀. Àwọn tí kò bá kàn lè dúró, tàbí kí wọ́n kàwé nílé; ìyẹn sàn ju kí wọ́n lọ fi gbèsè sùn ní Middlesbrough.

Wọ́n á ní ìjọba kò gbọdọ̀ ran ẹni tó fẹ́ jápa lọ́wọ́. A gbọ́. Àmọ́ láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ASUU fi daṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ tó jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ yẹn kò ní béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ á lọ. Bó ṣe máa lọ ló kàn wá.

Britain náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ nínú èyí. Ẹ wo Jámánì: ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kó €11,904 sínú àkáǹtì tí wọ́n tì pa. Bó bá dé ọ̀hún, €992 ni wọ́n á máa fún un lóṣooṣù. Ó le, owó náà sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó ń bá ọmọ lọ, ó sì di oúnjẹ rẹ̀. Ìlànà Britain ń wo ìwé, kì í tẹ̀ lé owó. Ìjọba tó mọ bí a ṣe ń ṣírò owó ìlera dé £776 mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, bó bá wù ú. Kó sì fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí kún àwọn tó lè dúró fún ọmọ, kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí ìbí já a.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa níbí kò nílò London. Ní oṣù keje ọdún 2025, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé òfin jáde lórí àwọn tó ń yáni lówó lórí ayélujára. Orí ayélujára kan náà ni àwọn olówó POF ti ń polówó, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. CBN pẹ̀lú kò lè sọ pé òun kò rí i: àkáǹtì tí wọ́n ṣí lánàá, tí ogún mílíọ̀nù wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, tí gbogbo rẹ̀ sì jáde lọ́jọ́ kejì. Irú rẹ̀ kò lè pọ̀ nínú báǹkì láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ mọ̀ sí i. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún ni àwọn tó fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó kiri. Kí ìkéde FCCPC àti CBN ti wà níta kó tó dìgbà náà, kí orúkọ báǹkì tó bá lọ́wọ́ nínú òwò yìí sì wà nínú rẹ̀.