Gọ́ọ̀mù ehín tó ń pa kòkòrò: ẹ jẹ́ kó dé Ògbómọ̀ṣọ́

Inú mi dùn sí ìròyìn yìí pé wọ́n ń po oògùn apakòkòrò mọ́ gọ́ọ̀mù tí dókítà fi ń lẹ ohun tó fi dí ihò ehín mọ́ ehín. Wọ́n dí tèmi níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò pé ọdún mẹ́ta tó fi yọ. Abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà! Àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín ehín àti ohun tí wọ́n fi dí i ni kòkòrò ń gbà wọlé, ásíìdì wọn á sì máa jẹ ehín lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o: chlorhexidine, ìyẹn oògùn apakòkòrò kan, tí a bá kàn pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù náà, máa ń jò jáde díẹ̀díẹ̀. MDPB, oògùn apakòkòrò mìíràn tí àwọn ará Jàpáànù ṣe, ni mo fara mọ́, torí ó so pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí owó rẹ̀ má ga jù. Orín ata tí a fi ń fọ ẹnu láàárọ̀ kò lè dé abẹ́ ibi tí wọ́n dí.